Sọ Ìdí Rẹ̀ fún Ọmọ

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọlidé gígùn tún ti dé. Ní Rumuokwuta níbí, ní Port Harcourt, àwa tí a ò fẹ́ kí ọmọ fi gbogbo ọjọ́ tẹjú mọ́ fóònù a máa mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Iṣẹ́ kì í wọ́n àwọn mẹkáníìkì wọ̀nyí, torí Ikoku tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò wà lójú Ikwerre Road kan náà pẹ̀lú wa. Ọkọ̀ kan tó wà ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá: ọkọ̀ akẹ́rù Bedford àwọn ṣọ́jà àtijọ́, tí ẹni tó ni ín fẹ́ kí wọ́n tú họ́ọ̀bù ẹsẹ̀ rẹ̀ láti pààrọ̀ bẹ́ríǹ.

Wọ́n fi òkúta dí àwọn táyà tó kù kí ọkọ̀ má bàa yí. Ó yẹ kí nọ́ọ̀tì ti dẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, kí jáàkì tó gbé e. Ọmọṣẹ́ kan fi sípánà gígùn kọ́ nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ òsì, ó rọ̀ mọ́ ọn, ó tún gun orí sípánà, kò mì. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó sọ̀ kalẹ̀, kó fi àkísà nu ojú irin. Lẹ́tà L yọ, ìyẹn "left", òsì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù Gẹ̀ẹ́sì ayé ijọ́un, tó fi mọ́ Bedford, nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ òsì ń tú sí òdìkejì ibi tí ti ọ̀tún ń tú sí, kí yíyí táyà má bàa máa dẹ̀ wọ́n bí ọkọ̀ ṣe ń sáré. Gbogbo agbára tí ọmọ yẹn ń lò, ṣe ló ń fi í dè é sí i.

Bí wíìlì bá ti bọ́, tí wọ́n fa ọ̀pá irin tó ń yí ẹsẹ̀ jáde, nọ́ọ̀tì ńlá méjì ló kù, wáṣà pẹlẹbẹ kan wà láàárín wọn. Etí wáṣà yìí ni wọ́n tẹ̀ lé nọ́ọ̀tì lórí kó má bàa tú. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń fi kísẹ́ẹ̀lì tẹ̀ ẹ́ padà. Ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ wà níwájú kí họ́ọ̀bù tó jáde, torí bẹ́ríǹ òde ló ń kọ́kọ́ já bọ́, bẹ́ẹ̀ yanrìn sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹnu sí erùpẹ̀ bíréèkì. Asbestos wà nínú bíréèkì àtijọ́, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó ń fà sì lè fara pamọ́ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yọjú.

Èyí tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì pupa. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ológun Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ní rímù alápá méjì. Nọ́ọ̀tì kan so wíìlì mọ́ họ́ọ̀bù, òmíràn so apá rímù méjèèjì pọ̀. Àwọn ológun a máa kun irú kejì yìí ní ọ̀dà pupa. Ẹni tó bá tú u nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì kún táyà, irin yóò fò lù ú, ó sì lè pa á lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ń ṣí. Ẹni tó ra ọkọ̀ náà lẹ́yìn ọdún pípẹ́ lè fi dúdú kun gbogbo rẹ̀ torí ẹwà. Ọmọ tí wọ́n kàn sọ fún pé kó má fọwọ́ kan pupa yóò tú dúdú láìbẹ̀rù. Èyí tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni nọ́ọ̀tì náà ń sé mọ́ yóò béèrè ọ̀rọ̀ kó tó gbé sípánà.

Àwọn òbí tiwa náà kun nǹkan lọ́dà. Wọ́n ní ká má gbálẹ̀ lóru, ọrọ̀ ilé yóò bá a lọ. Nígbà tó jẹ́ pé fìtílà la ń tàn, ohun kékeré tó níye lórí lè bá pàǹtí jáde lóòótọ́. Iná mànàmáná wá dé, ọmọ gbálẹ̀ lóru, ọrọ̀ ò lọ síbì kan, ó sì parí èrò sí pé irọ́ ni gbogbo ohun tí àgbà sọ. A kìlọ̀ fún un dáadáa, ṣùgbọ́n a gbé ìdí rẹ̀ pamọ́.

Àwa náà ní nọ́ọ̀tì pupa nínú ilé wa. Gbogbo wa là ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àmọ́ òjò Port Harcourt mà ń rọ̀! Lálẹ́ ọjọ́ tí òjò bá ń dà, tí ìyá àti bàbá kò sí nílé, kí ni yóò dá ọmọ dúró? Ẹ sọ fún un pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tó ń bá ènìyàn lójú oorun tí kì í jẹ́ kó jí. Bí ẹ bá sì rán an lọ ra kẹrosíìnì, ẹ sọ fún un pé èyí tí wọ́n fi epo bẹntiróòlù là lè gbiná bùlà nínú sítóòfù. Ọmọ tó mọ èyí á bu díẹ̀ wò, á gbóòórùn rẹ̀, á sì kọ̀ ọ́ bí ó bá fura.

Ẹnìkan lè ní ṣé ká wá máa bá ọmọ rojọ́ lórí gbogbo àṣẹ ni. Rárá o. Bí ọ̀gá bá ké pé "Dúró!", ọwọ́ gbọ́dọ̀ dúró kíá, àlàyé ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Ṣùgbọ́n àgbà tó mọ̀ tí kò sọ, ìgbà tí kò bá sí nítòsí ńkọ́? Ọmọ tí a ti ń ṣàlàyé fún lọ́jọ́ tí ara rọ̀ ni ń tètè dúró lọ́jọ́ tí a bá ké mọ́ ọn, torí ó mọ̀ pé a kì í deédé ké.

Bí owó ọkọ̀ bá wà, ẹ kó wọn gba ọ̀nà Aba lọ sí National War Museum ní Umuahia, tí wọ́n ṣí ní 1985, kí wọ́n rí ohun èlò ogun àtijọ́. Ibi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé kí a má fọwọ́ kàn án, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí. Bí ẹ bá padà délé, ẹ mú òfin mẹ́ta nínú òfin ilé yín, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ níṣojú wọn. Èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ò bá mọ ìdí rẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹ pe ìyá àgbà lórí fóònù, kí ẹ béèrè.