Ọ̀wọ̀ Tó Wà Nínú Orúkọ Aláwàdà

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ eré awàdà ní Àbújá ló gbà pé orúkọ aláwàdà gbọ́dọ̀ pani lẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀, kó rí wúruwùru lẹ́nu, kó sì fẹ́ jọ èébú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ka ìtàn iṣẹ́ yìí sí, orúkọ tó máa ń pẹ́ jù lẹ́nu àwọn òǹwòran ni èyí tó gbé ọ̀wọ̀ fún ẹni tí kò ní hùwà ọlọ́wọ̀. Orúkọ ti bu iyì fún un kó tó jáde sí agbo, ìwà rẹ̀ ni yóò wá wọ́ iyì náà nílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rín ti ń sú yọ.

Kì í ṣe báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Irú ènìyàn ni àwọn alárìnjó, ìyẹn àwọn òṣèré eégún àtijọ́, máa ń fi hàn, wọn kì í sábà pe ẹnì kan pàtó: Tápà, Ìdàhọ̀mì, Òyìnbó, ọ̀mùtí. Nígbà tí Clapperton, arìnrìn-àjò Òyìnbó, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, wọ́n ṣeré fún un, Òyìnbó sì wà lára ohun tí wọ́n gbé jáde. Ó rù kan eegun, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà, ó ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Ẹ̀rín pa àwọn èrò. Ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n ń rín, kò sì sí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ìkúnlẹ̀.

Lójú tèmi, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ló sọ ẹ̀rín yìí di ti inú ilé. Olórin ni tẹ́lẹ̀. Inú ẹgbẹ́ rẹ̀, Federal Rhythm Dandies, ni Sunny Adé ti ta gìtá. Nígbà tó kọjú sí awàdà, Bàbá Sàlá ló ń jẹ́. Ẹ wo irú orúkọ tí ìyẹn jẹ́. Nínú agboolé, aya ilé àti ọmọdé kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó pe ọkùnrin yìí, ì báà dàgbà jù ú lọ, ti fún un ní ipò bàbá. Bàbá ọ̀hún wá fi aago ńlá kọ́rùn, ó wọ ṣòkòtò tó gbà á méjì, ó ń sáré owó kiri. Nígbà tí fíìmù rẹ̀, Ọ̀run Móoru, fi jáde ní 1982, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ orúkọ mìíràn fún un. Ọ̀nà yìí náà ni Babátúndé Omídínà gbà di Bàbá Sùwé, tí Lánre Hassan sì di Ìyá Àwẹ̀ró.

Ẹnì kan lè sọ pé aago àti ṣòkòtò ló ń pani lẹ́rìn-ín, pé orúkọ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ gbé aago náà kọ́ ọmọ ọdún méjìlá lọ́rùn, ẹ ó rí i pé eré ọmọdé lásán ni. Ọrùn bàbá ló sọ ọ́ di ọ̀ràn. Àwọn mìíràn ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń tẹ́ àgbà. Rárá. Ibi tí wọn kò bá ti ka àgbà sí, ìṣubú rẹ̀ kò ní pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Àtakò tó le jù ni orúkọ Táyọ̀ Amókádé, aláwàdà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìjẹ̀bú. Kò sí oyè níbẹ̀, kò sí bàbá, síbẹ̀ orúkọ náà rinlẹ̀. Mo gbà. Ọ̀nà àtijọ́ ti alárìnjó nìyẹn, kò sì tíì kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ohun tí Yorùbá ń sọ nípa Ìjẹ̀bú àti owó ló máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, Gbàgyí tàbí Tiv tó jókòó ti onítọ̀hún yóò máa wojú rẹ̀ ni. Oyè kì í ya àwọn òǹwòran sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Bello ti Adébáyọ̀ Sàlámì, Papa Ajasco tó ti inú ìwé Ikebe Super ti Wálé Adénúgà wá, àti Chief Zebrudaya tí Chika Okpala ṣe lórí NTA nígbà kan, tó tún fi 4:30 ṣe àlàjẹ́: Ọ̀gá, Papa, Chief. Ẹ̀yà kan kọ́ ló ni wọ́n, síbẹ̀ òfin kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ àwa tí a wà ní Àbújá pé ká lo ohun tó wà nílẹ̀. Láti December 1991 tí ìjọba ti kó kúrò ní Èkó wá síbí, kò sí ìlú tí oyè pọ̀ sí tó èyí ní Nàìjíríà. Ọnọ́rébù, Ẹ̀kísẹ́lẹ́ńsì, Akọ̀wé Àgbà: gbogbo ẹ̀yà tó wà níbí ló ń tẹrí ba fún wọn. Ṣùgbọ́n nínú irú orúkọ yìí, àwọn obìnrin ni a ti ń rẹ́ jẹ. Bí wọn kò bá jẹ́ Ìyá Lágbájá, Miss Pepeiye ti inú eré Papa Ajasco ni wọ́n ń jẹ́, bí ẹni pé ilé ọkọ tàbí ọjà ìfẹ́ nìkan ni ìṣubú wọn ti lè dùn. Àwọn obìnrin tó ń di ipò ńlá mú pọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba níbí. Mo fẹ́ ká kọ eré tí ọ̀kan nínú wọn ti ń jẹ́ Ọ̀gá Màdáámù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn, kó sì ṣubú láti orí àga tirẹ̀.