Bátìrì Ni Onílé

Kí gílóòbù tó jó lọ́jọ́ náà, ó kọ́kọ́ mọ́lẹ̀ ju bí mo ṣe rí i rí lọ. Aago kan ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní ìgbèríko Ìbàràpá, níbi tí òpó NEPA kò dé. Mo lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì méjì, sípánà wà lọ́wọ́ mi, mo ń tú wáyà kúkúrú tó so àwọn méjèèjì pọ̀ kí n lè fọ èérí funfun tó ti bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá àgbẹ̀bí ké sí mi láti yàrá kejì pé, "O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi! Iná yìí ti wá mọ́ dáadáa!" Kò tíì dákẹ́ tí gílóòbù mẹ́ta fi kú tẹ̀lé ara wọn. Nǹkan bú gbàù nínú ínfátà, òórùn ike jíjó sì gba gbogbo ilé.

Ọdún 2016 nìyẹn, oṣù keje tí mo wọṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Wọn kò nà mí, wọn kò tilẹ̀ pariwo. Wọ́n gun àkàbà lọ sórí òrùlé, wọ́n fi tapólì bo páńẹ́lì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí oòrùn má baà rí wọn mọ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tú wáyà páńẹ́lì kúrò lára kọ̀ntírólà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n lọ ṣí tapólì yẹn kúrò, kí n wá fi mítà wo ẹnu wáyà. Fóòtì 42 ni mítà kà.

"Iná ilé yìí, fóòtì mélòó ló ń lò?"

Mo ní, "Mẹ́rìnlélógún ni, sà."

"Ta ló wá ń di 42 yìí mú láti ọjọ́ yìí?"

Mo ní kọ̀ntírólà ni. Wọ́n mi orí, wọ́n sì fi ọwọ́ lu orí bátìrì jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ yòókù dúró lé. Páńẹ́lì tí wọ́n ń pè ní ti fóòtì 12 kì í ṣe fóòtì 12 ló ń mú jáde. Tó bá ń ṣiṣẹ́, bíi 18 ni. Tí ohunkóhun ò bá sì gba iná ọwọ́ rẹ̀, ó lè gòkè dé 21 tàbí 22. A so méjì-méjì pọ̀ nínú ilé yẹn, ìyẹn ló fi di 42. Kọ̀ntírólà tó wà níbẹ̀, irú olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń pè ní PWM, kò mọ̀ ju kó ṣílẹ̀kùn, kó ti ilẹ̀kùn. Bátìrì ló ń gba ohun tó ń wọlé mọ́ra, tó sì ń fa fóòtì wálẹ̀ sí bíi 28. Garawa omi kan kò tó nǹkan nínú àgbá ńlá, àgbá ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni da omi sínú òun. Àmọ́ da garawa kan náà sínú ife tíì. Èmi ni mo gbé àgbá kúrò, tí mo fi ife síbẹ̀ láì mọ̀. Mo rò pé níwọ̀n ìgbà tí mi ò ti fọwọ́ kan wáyà ńlá pupa àti dúdú tó lọ sínú ínfátà, kò séwu. Wáyà kúkúrú tó so bátìrì kan mọ́ èkejì yẹn gan-an ni afárá. Bó ti já, ilé ò ní bátìrì mọ́, oòrùn sì wà lókè tó ń da tirẹ̀ wọlé.

Ọ̀gá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ wọn mọ̀. Wọ́n á ní, "Bátìrì ni onílé, oòrùn ni àlejò. Onílé á ti wà nílé kí àlejò tó wọlé. Bí àlejò bá sì ń lọ, onílé ló ń sìn ín sọ́nà." Ìyẹn ni pé, bí a bá ń so ẹ̀rọ pọ̀, wáyà bátìrì la ó kọ́kọ́ so mọ́ kọ̀ntírólà, wáyà páńẹ́lì la ó so kẹ́yìn. Bí a bá ń tú u, páńẹ́lì la ó kọ́kọ́ já, bátìrì la ó fi sẹ́yìn. Mo ti pàdé àwọn tó ti fi ọdún mẹ́wàá ṣe iṣẹ́ yìí tí wọ́n ṣì ń já bátìrì lọ́sàn-án gangan. Inú máa ń bí mi, nítorí mo mọ ohun tó ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ilé ìgbẹ̀bí yẹn fi wà nínú òkùnkùn. Nígbà tí a ṣí ínfátà, àwọn kàpásítọ̀ inú rẹ̀ ti wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi; fóòtì 35 ni wọ́n kọ sí wọn lára, 42 ni mo sì rán sí wọn. Èròjà méjì tí wọ́n ń pè ní MOSFET nínú rẹ̀ náà ti fọ́. Ọ̀gá mi pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ láì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìyá. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, obìnrin méjì bímọ níbẹ̀ pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan sì bí ìbejì, bó ṣe wọ́pọ̀ ní agbègbè Igbó-Ọrà. Ìyá àgbẹ̀bí ló sọ fún mi fúnra rẹ̀. Kò fi bá mi wí o, ìròyìn ayọ̀ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n mo ń fojú inú wo ẹni tó di tọ́ọ̀ṣì mú nígbà tí èkejì ń bọ̀, mi ò sì lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti fi bátìrì ṣe ẹ̀kọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ràn orí òrùlé, ibi tí àwọn ará àdúgbò ti ń wo wọ́n. Èmi ò kúrò nílẹ̀. Bátìrì olómi yìí ti pẹ́ láyé: ará Faransé kan, Gaston Planté, ló ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní 1859, ọdún márùn-ún kí wọ́n tó fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Òjé àti ásíìdì náà ló ṣì wà nínú rẹ̀ títí dòní. Yàrá mẹ́fà ló wà nínú ti fóòtì 12, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń mú fóòtì méjì lé díẹ̀ wá. Bó bá kún, tó sì ti sinmi fún wákàtí bíi mélòó kan, mítà á ka 12.6 tàbí 12.7. Bó bá wà ní 12.1, ìlàjì ti lọ. Bó bá ti ń sún mọ́ 11.8, ìyà ló ń jẹ, àti pé bátìrì tí a bá ń fi sílẹ̀ báyìí lójoojúmọ́, ìyẹ̀fun líle kan á máa dì mọ́ òjé inú rẹ̀ títí tí kò fi ní lè gba iná mọ́.

Mítà nìkan kò tó, torí mítà lè purọ́ bí bátìrì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu oòrùn. Háídírómítà ni ọ̀gá mi gbẹ́kẹ̀ lé, ìgò kékeré tí a fi ń fa omi yàrá kọ̀ọ̀kan wò: 1.265 ni ti yàrá tó kún. Gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń kọ nọ́ńbà wọ̀nyí sínú ìwé. Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́rin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí ìwé náà ń sọ, pé bátìrì kì í kú lójijì. Yàrá kan ló máa ń kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà tirẹ̀ á máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ti àwọn yòókù, kí onílé tó mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣẹlẹ̀.

Mo rí ibi tí irú èyí ń já sí nílé oníbàárà kan ní Ìbàdàn. Bátìrì mẹ́rin ló so pọ̀, fóòtì 48. Ó ní ọ̀kan ti ń sú òun, ó wá pààrọ̀ ọ̀kan náà, ó dà á pọ̀ mọ́ ògbólógbòó mẹ́ta. Kò pẹ́ tí yàrá kan nínú àwọn ògbólógbòó fi kú pátápátá. Kọ̀ntírólà ò mọ èyí. Ó ṣì ń wá 57.6 rẹ̀ tó yẹ kó pín sí 14.4 fún bátìrì kọ̀ọ̀kan. Bí aláìsàn ò ṣe lè gba ju 12 lé díẹ̀ lọ, àwọn mẹ́ta tó kù ló ń ru 15 lé. Omi inú wọn ń hó. Òórùn ẹyin bíbàjẹ́ gba yàrá náà, àwọn ọmọ ilé sì ń sùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn kejì. A kọ́kọ́ ṣí fèrèsé kí a tó fọwọ́ kan nǹkankan, nítorí háídírójìn tó ń jáde lára bátìrì tó ń hó kò ju kó tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ kí iná ráńpẹ́ lẹ́nu sípánà tó lè bú u. Ẹni tó bá ní kí n gbé bátìrì òun sábẹ́ ibùsùn tàbí sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní ihò, mo máa ń kọ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn rọrùn láti kọ́. Omi bátìrì ni a ń bù sí i, kì í ṣe ásíìdì, kì í sì í ṣe piọ́ wọ́tà. Ooru ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú: bí ibi tó wà bá fi ìwọ̀n mẹ́wàá gbóná ju 25 lọ lórí Sẹ́ńtígíréèdì, nǹkan bí ìlàjì ọjọ́ rẹ̀ ló lọ yẹn.

Èyí tó le ni kí bátìrì já láì sí ẹni tó fọwọ́ já a. Aránṣọ kan ní Ìdí-Arẹrẹ, n'Ìbàdàn, ní gílóòbù òun ń mọ́ ràn-ràn lọ́sàn-án, ó ń padà bọ̀ sípò tí ìkúùkù bá bo oòrùn. Bí mo ṣe gbọ́ "ó ń mọ́ ràn-ràn" ni àyà mi já. Mo sáré débẹ̀, mo ní kí wọ́n bo páńẹ́lì kí a tó sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀tì orí bátìrì ni ó ti dẹ̀. Wáyà náà gbóná débi pé ike ara rẹ̀ ti rọ̀. Ẹni tó ṣe é fi òòlù lu ẹnu wáyà pẹlẹbẹ ni, kò fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Bátìrì ibẹ̀ ò kú, ó kàn ń kúrò nílé, ó ń padà, láìdágbére. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń fún gbogbo nọ́ọ̀tì pa lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn oṣù kìíní, màá fọ èérí rẹ̀ pẹ̀lú békìn sódà, màá fi fasilíìnì pa á lórí.

Ọ̀gá mi tún kọ́ mi ní ìdí tí fúùsì fi gbọ́dọ̀ súnmọ́ orí bátìrì bí ó ti lè ṣe é. Bí wáyà méjèèjì bá kanra láàárín ọ̀nà, bátìrì tó wà nílẹ̀ lè tú iná tó lágbára láti yọ́ sípánà irin jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ̀nba wáyà tó wà ṣáájú fúùsì nìkan ni fúùsì ò lè gbà là. Wọ́n sì kọ̀ kí a fi bíréékà iná NEPA ṣe iṣẹ́ ti bátìrì. Iná NEPA ń yí padà, ó ń dé òdo ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà bí iná bá ń jó láàárín ẹnu bíréékà, ó á kú. Iná bátìrì àti ti oòrùn kì í dé òdo bẹ́ẹ̀. Yóò máa jó lọ títí bíréékà fúnra rẹ̀ á fi yọ́.

Mo gba fírídọ̀ọ̀mù ní 2019. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún 2023, àwọn tó ń wá sólà pọ̀ débi pé n kò lè dá gbogbo wọn lóhùn, bátìrì lítíọ́ọ̀mù sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè. Ó dára, ó fúyẹ́, kì í béèrè omi. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀ṣọ́ nínú, BMS, tó ń tilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ bí yàrá kan bá ti kún jù. Ó ń dáàbò bo bátìrì. Kò ro ti ínfátà, kò ro ti gílóòbù. Ó lè já lọ́sàn-án gangan, nígbà tí páńẹ́lì ń tú gbogbo agbára rẹ̀, ohun kan náà tí mo fi sípánà ṣe ní 2016. Nítorí náà n kì í jẹ́ kó rí ìdí láti já. Bátìrì oníyàrá mẹ́rìndínlógún lè dé 58.4, ní 56 ni mo máa ń dá kọ̀ntírólà dúró. Ohun tí oníbàárà pàdánù kò tó nǹkan. Níbi tí ínfátà àti bátìrì bá ti lè bára wọn sọ̀rọ̀, mo máa ń so wáyà ọ̀rọ̀ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń fi í sínú páálí.

Mo padà sí ilé ìgbẹ̀bí yẹn pẹ̀lú owó ara mi, ní ọdún tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù. Mo fi bíréékà iná oòrùn sáàárín páńẹ́lì àti kọ̀ntírólà, ní ibi tí ìyá lè nawọ́ dé láì gun nǹkan. Mo fi fúùsì sórí bátìrì, mo sì fi bíréékà tirẹ̀ tẹ̀lé e. Mo fi ẹ̀rọ kékeré kan ṣáájú gílóòbù, èyí tó ń já wọn sílẹ̀ bí fóòtì bá ti kọjá 31. Mo fi ọ̀dà pupa kọ "Àlejò" sí ẹ̀gbẹ́ bíréékà páńẹ́lì, mo kọ "Onílé" sí ẹ̀gbẹ́ ti bátìrì, mo sì kọ́ ìyá títí ó fi lè pa wọ́n, kó tàn wọ́n padà, láì wo ojú mi.

Ní ọdún kan, lásìkò tí òjò ti ń rọlẹ̀, aago méjì ọ̀sán, fóònù mi dún.

Ìyá ní, "Ọmọ mi, gílóòbù ń kú, ó ń tàn, ó ń kú. Mo ti sin àlejò jáde o. Onílé ni kí o wá wò."

Òjé inú bátìrì kejì ló ti ṣẹ́, níbi tí ojú ò lè tó. Gílóòbù kan ò jó. Fíríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí níbẹ̀ ṣì tutù nígbà tí mo débẹ̀, mo sì ti ra bátìrì méjì tuntun dání láti Ìbàdàn, tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba.