Láti Ìláró dé Súúrùlérè: Mo Lọ Wo Eré Oníyẹ̀ẹ́

Lọ́sẹ̀ yìí, ìrìn àjò kékeré kan ni mo fẹ́ kí a jọ rìn, láti Ìláró dé Èkó. Kì í ṣe ọjà ni mo bá lọ; eré ni mo lọ wò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi dìde. Nígbà ọyẹ́, mo rí àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní Ìláró tí wọ́n so àwọ̀n mọ́ igi méjì ní gbangba, tí wọ́n ń gbá badminton. Ẹni tí kò bá mọ eré náà, kí ó gbọ́: ìyẹ́ 16 ni a gún yí orí kékeré kan ká, tí a ń fi rákẹ́ẹ̀tì gbá a kọjá lórí àwọ̀n, ẹni tó bá balẹ̀ sí lọ́dọ̀ ti pàdánù. Gbogbo rẹ̀ kò wúwo tó gíráàmù 6. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ yá bí ọwọ́ ẹni tí ń ka owó. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ ti fẹ́ báyìí, ìyẹ́ yà bàrá, ó lọ há sórí páànù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Inú tèmi kò dùn, nítorí ọmọ náà kò jẹ̀bi. Afẹ́fẹ́ ló borí rẹ̀.

Ni mo bá wọ mọ́tò. A gba Pápáláńtò, Ifọ̀, Ṣáńgò-Ọ̀tà àti Agége kọjá, ó di Súúrùlérè. Níbẹ̀ ni National Stadium wà, tí wọ́n ṣí ní 1972 nítorí eré ìdárayá gbogbo Áfíríkà ti 1973. Ibi ńlá ni, ó sì ní gbọ̀ngàn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn 2004 wọ́n pa á tì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Teslim Balogun Stadium, tí wọ́n ṣí ní 2007, wà nítòsí rẹ̀. Inú gbọ̀ngàn Molade Okoya-Thomas tó wà níbẹ̀ ni mo wọ̀. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n pa fáànù. Ooru mú, òógùn ń ṣàn, ṣùgbọ́n ìyẹ́ ń lọ tààrà bí ọfà.

Mo rántí Indonéṣíà. Ní 1961, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Istora ní Jàkátà, kí wọ́n lè gba àlejò ìdíje Thomas Cup. Àwọn fúnra wọn ló gba ife náà lọ́dún yẹn. Ní 1992, ní Barcelona, Susi Susanti àti Alan Budikusuma gba wúrà Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ fún ilẹ̀ wọn. Badminton ni wọ́n fi gbà á. Lẹ́yìn náà wọ́n di tọkọtaya.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọwọ́ tiwa kò tó o. Anuoluwapo Opeyori ti gba ipò kìíní ní Áfíríkà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 2024, ní Paris, Eniola Bolaji gba idẹ ní Òlíńpíìkì àwọn akanda ẹ̀dá, ẹni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó fi badminton gba irú rẹ̀.

Àwa ará Yewa ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Ògùn gba àlejò eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà ní 2006, ó tún gbà á ní 2025. Nígbà tí wọ́n dá Comprehensive High School sílẹ̀ ní Ayétòrò ní 1963, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, èrò wọn ni pé kí ọmọ kọ́ ìwé kí ó sì kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀. Ǹjẹ́ eré kò yẹ kí ó bá wọn jókòó?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú okùn ìwọ̀n. Ojú eré náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà 44 ní gígùn àti 20 ní fífẹ̀ lọ. Àwọ̀n ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 láàárín. Gbọ̀ngàn ilé ìwé tí òrùlé rẹ̀ ga díẹ̀ lè gbà á. Bí ìpàdé bá tú, ẹ kó àga sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ dá owó àwọ̀n àti rákẹ́ẹ̀tì jọ. Onírọ́bà máa ń pẹ́ ju oníyẹ̀ẹ́ lọ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Ọyẹ́ mìíràn ń bọ̀, ọmọbìnrin yẹn yóò sì tún mú rákẹ́ẹ̀tì. A kò lè dá afẹ́fẹ́ dúró, ṣùgbọ́n a lè ti ilẹ̀kùn fún un.