Àlùbọ́sà Renoir

Ní ọdún 1881, nígbà tí Pierre-Auguste Renoir, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, wà ní ìlú Naples ní Ítálì, ó ya àlùbọ́sà àti ááyù tí ó wà káàkiri lórí aṣọ funfun kan tí etí rẹ̀ ní ìlà pupa àti ìlà aláwọ̀ aró. Àwòrán náà, tí ó wà ní ilé ọnà Clark ní Williamstown ní Amẹ́ríkà báyìí, jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí a lè pè ní àwòrán ohun àìlẹ́mìí, èyí tí í ṣe àwòrán èso, òdòdó, oúnjẹ tàbí ohun èlò ilé tí ayàwòrán tò síwájú ara rẹ̀ kí ó tó yà á.

Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni àwọn amòye ọnà ní Faransé ti ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sí èyí tí ó rẹlẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Họ́lándì nígbà náà, agbárí òkú, àbẹ́là àti èso tí ó ń rà ni wọ́n fi ń rán ènìyàn létí ikú. Ẹni tí ó bá fi ojú yẹn wo iṣẹ́ Renoir, tí ó ń tú u bí ẹni tú àrokò, lè sọ pé omijé ni àlùbọ́sà dúró fún, ṣùgbọ́n kò sí ohunkóhun nínú àwòrán náà tí ó gbe ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn.

Ipa búrọ́ọ̀ṣì ni kí a tọ̀. Renoir wà lára àwọn Impressionist, ìyẹn àwọn ayàwòrán tí wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ iṣẹ́ wọn pọ̀ ní Paris ní 1874, tí wọ́n sì ń lépa ìmọ́lẹ̀ bí ojú ṣe bá a pàdé. Lára àlùbọ́sà, ọ̀dà ń yí tẹ̀lé ìṣùpọ̀ rẹ̀, títí èèpo gbígbẹ fi ń dán. Lẹ́yìn wọn, ìlà kéékèèké tí ó dagun ni ó kún ibẹ̀, tí ènìyàn kò lè mọ̀ bóyá ògiri ni tàbí afẹ́fẹ́.

Ìrìn àjò Ítálì náà ní ìdí, nítorí Renoir ti ń ṣiyèméjì nípa ọ̀nà tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà yàwòrán, ó sì fẹ́ wo iṣẹ́ ayàwòrán Raphael ní Róòmù àti àwòrán ara ògiri tí wọ́n hú jáde ní ìlú àtijọ́ Pompeii. Bóyá ìdí nìyí tí àlùbọ́sà kọ̀ọ̀kan fi dá dúró gedegbe nígbà tí ẹ̀yìn wọn ń yọ́. Nínú àwòrán ńlá àwọn obìnrin tí ń wẹ̀, tí Renoir parí ní 1887, ìlà ti borí ìmọ́lẹ̀, ara wọn sì le ju bí ó ti yẹ lọ. Ní Naples, ìjà láàárín ìlà àti ìmọ́lẹ̀ kò tíì ní olúborí, àwòrán àlùbọ́sà náà sì dùn ún wò ju àwòrán ńlá yẹn lọ.