Kí ẹ tó fọ́n yúríà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ewé ìrẹsì



Festac ni mo ń gbé. Àwọn kan tó ń tajà ní Mile 2 àti Trade Fair ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin níbí ti fi owó sí oko ìrẹsì lọ́nà Badagry. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi èmi ọ̀gá agíríìkì jù ni: “Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti pé, ṣé ká fọ́n yúríà?” Èmi náà á bi wọ́n pé, kí ni ewé ń wí? Torí pé ọjọ́ pé kò sọ pé ebi ń pa ìrẹsì.

Nínú àpò yúríà 50kg, 23kg ni nitrogen, oúnjẹ tó ń mú ewé dúdú. Tẹ́ ẹ bá fọ́n ọn nígbà tí ìrẹsì kò nílò rẹ̀, omi á gbé e lọ, òmíràn á bá afẹ́fẹ́ lọ. Owó yín nìyẹn o. Tó bá tún pọ̀ jù, ewé á dúdú mìnìjọ̀, inú yín á dùn, àmọ́ àrùn blast fẹ́ràn irú ewé bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì gíga bí Ọ̀fàdà sì lè ṣubú lulẹ̀ kí ìkórè tó dé.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń jẹ́ SPAD. Ó máa ń há ewé mú bí ìgbà tí péègì há aṣọ. Á tan iná pupa àti òmíràn tí ojú kò lè rí gba inú ewé kọjá, á wo èyí tó jáde lódì kejì, á wá fún yín ní nọ́ńbà tó sọ bí chlorophyll inú ewé ṣe pọ̀ tó. Ní IRRI, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìrẹsì tó wà ní Philippines, 35 ni wọ́n fi ṣe ààlà fún ìrẹsì tí wọ́n tú gbìn. Tó bá wá sílẹ̀ ju 35 lọ, ebi ń pa á.

Àmọ́ ẹ má gbé 35 yẹn lé gbogbo ìrẹsì lórí. Ewé irú kan nípọn ju òmíràn lọ. Ẹ ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ nínú oko yín, irú kan náà, ọjọ́ gbígbìn kan náà, kẹ́ ẹ bọ́ ọ yó. Tí igun yẹn bá jẹ́ 38, tí oko tó kù jẹ́ 34, kò tó 90 nínú 100 mọ́ nìyẹn. Ẹ fún un lóúnjẹ.

Ẹ̀rọ náà wọ́n, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ lè dáwó jọ rà á. Èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni ike pẹlẹbẹ tó ní àwọ̀ ewé mẹ́rin, nọ́ńbà 2 dé 5. Láti ọjọ́ 14 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tú u gbìn títí yóò fi tanná, ẹ máa wò ó ní ọjọ́ méje sí mẹ́wàá síra. Ẹ mú ìdí ìrẹsì 10 káàkiri oko, ẹ wo ewé tuntun òkè tó ti là tán, láàárọ̀, kẹ́ ẹ kẹ́yìn sóòrùn kí òjìji yín bo ewé. Ẹnì kan náà ni kó máa wò ó. Tí 6 nínú 10 bá pọ́n ju nọ́ńbà 4 lọ, ó tó àkókò. Fún ìrẹsì tẹ́ ẹ fọ́n lásán, nọ́ńbà 3 ni.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹ̀rọ mọ̀ pé ewé pọ́n, kò mọ ohun tó fà á. Ìyá kan tó ń gbin ìrẹsì sí àbàtà fẹ́ fi owó ilé-ìwé ọmọ ra yúríà, torí pé aládùúgbò ní ebi ló ń pa oko rẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, àmì pupa bí ìpẹtà kún ewé ìsàlẹ̀. Irin inú omi àbàtà ló pọ̀ jù. Omi la kọ́kọ́ la ọ̀nà fún kó ṣàn jáde, owó ọmọ sì wà lápò ìyá rẹ̀.

Ebi nitrogen máa ń bẹ̀rẹ̀ látara ewé àgbà nísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ ewé tuntun ló kọ́kọ́ pọ́n, ó lè jẹ́ sulphur ni kò tó. Tí ewé bá ní ìlà-ìlà pupa rúsúrúsú, tí ìrẹsì sì ràn, ẹ fura sí àrùn fáírọ́ọ̀sì. Yúríà kò lè wò ó.

Ẹ̀yin oníṣòwò tẹ́ ẹ ń fowó ránṣẹ́ sóko, kẹ́ ẹ tó sanwó àpò yúríà tó kàn, ẹ ní kí ẹni tó ń bá yín mójú tó oko fi nọ́ńbà ewé 10 ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.