Ìyá Wa àti Erin Ilẹ̀ Òyìnbó

 

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò: safari. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, àti pé ẹranko ni ó ń tọ́ka sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú èdè Swahili ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yá a ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Swahili náà sì gbà á láti inú èdè Lárúbáwá. Ìrìn-àjò lásán ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ti lọ sí safari. Àwọn òyìnbó ọlọ́dẹ ni wọ́n so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ìbọn, ìgbà tí ó pẹ́ wọ́n so ó mọ́ kámẹ́rà. Nígbà tí wọ́n wá ṣe ọgbà ńlá tí ẹranko ń rìn kiri nínú rẹ̀, tí ènìyàn sì ń wa ọkọ̀ gba àárín wọn kọjá, wọ́n pè é ní safari park. Èmi ń pè é ní ọgbà ẹranko àfọkọ̀wò. "Ọgbà ẹranko" ti wà lẹ́nu wa tipẹ́; "à-fi-ọkọ̀-wò" ni mo kàn so mọ́ ọn, mo sì gbàgbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ lè tú u láìṣí ìwé atúmọ̀-èdè lọ́wọ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ yọjú lẹ́yìn odi Áfíríkà. Ní ọdún 1966 ni wọ́n ṣí ti Longleat ní agbègbè Wiltshire. Lord Bath, ìjòyè tí ó ni ilẹ̀ náà, ń wá owó tí yóò fi máa tọ́jú ilé ńlá tí ó jogún. Jimmy Chipperfield, ọmọ ìdílé tí ń fi ẹranko dárà kiri ìlú, sì ní kìnnìún. Ní ọdún 1966 yìí kan náà ni ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, The Content and Form of Yoruba Ijala, jáde ní Oxford. Ó máa ń yà mí lẹ́nu. Ọdún kan náà, orílẹ̀-èdè kan náà: wọ́n kó kìnnìún Áfíríkà wọ inú ọgbà, wọ́n sì tẹ oríkì àwọn ẹranko Áfíríkà sínú ìwé.

Èyí tí àwa lọ wò ni West Midland Safari Park, lẹ́bàá ìlú Bewdley ní Worcestershire, tí ó ti wà láti ọdún 1973. Oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni, nígbà tí mo kó ẹbí mi lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Birmingham. Àwa méje ni a há sínú ọkọ̀: àbúrò mi ń wa ọkọ̀, ìyá wa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi àti ìyàwó mi wà láàárín pẹ̀lú Àbẹ̀kẹ́, ọmọ àbúrò mi, ẹni ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n bí sí Birmingham. Àwọn ọmọkùnrin mi méjèèjì wà lẹ́yìn pátápátá. Ìyàwó àbúrò mi, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n òórùn ìrẹsì àti ẹran díndín tí ó dì fún wa gba gbogbo inú ọkọ̀ kan, bí ẹni pé àwa ni oúnjẹ tí a fẹ́ gbé lọ fún kìnnìún.

Ọgbà ẹranko tí èmi mọ̀ láti kékeré ni ti Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwọ̀nba ẹran díẹ̀ ni wọ́n kó síbẹ̀ ní 1948 fún ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ó tó di ọgbà gidi ní 1974. Níbẹ̀, kìnnìún ni ó wà nínú irin, àwa sì ń jẹ gúgúrú níta. Ní Bewdley, àwa ni a wà nínú irin. Àkọlé wà lójú ọ̀nà pé kí a má ṣí gíláàsì ọkọ̀ lọ́dọ̀ àwọn apẹran-jẹ. Ìyá wa béèrè ohun tí wọ́n kọ. Nígbà tí a sọ fún un, ó ní ṣé ó di ìgbà tí ènìyàn bá kọ ọ́ kí a tó mọ̀.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà ni ó kọ́kọ́ pa wá lẹ́rìn-ín. Ìyá wa, tí àbàjà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, wo ẹran náà títí, ó ní, "Olóòlà wo ni ó kọ èyí? Kò mọ ibi tí ó yẹ kí ó dá ọwọ́ dúró." Lọ́dọ̀ àgbáńréré, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Inú Bíbélì ni ó ti mọ orúkọ náà, nítorí àgbáńréré ni àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá fi sí ibi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ti sọ̀rọ̀ ẹṣin oníwo kan tí kò sí láyé. (Lójú tèmi, àwọn atúmọ̀ wa ni wọ́n fọgbọ́n ṣe é jù.) Ó ní òun ti rò pé yóò ga jù báyìí lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹkùn ni ó dìjà. Àwọn ọmọ mi rí tiger, wọ́n kígbe pé "Ẹkùn!" Ìyá wa ní irọ́ ni. Ó ní ẹkùn kì í ṣe onílà, alámì tó-tò-tó ni, òun ti jókòó lórí awọ rẹ̀ rí. Òun ni ó jàre. Leopard ni ẹkùn. Tiger kò fi ìgbà kan gbé ilẹ̀ Áfíríkà rí. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń pe leopard ní tiger. Àṣìpè náà bọ́ sínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó sì ti ibẹ̀ padà wá da Yorùbá wa rú. Irú rẹ̀ náà ni a rí ní oṣù Kìíní ọdún 2020, nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa: ẹlòmíràn pè é ní leopard, ẹlòmíràn ní cheetah ni. Kí ẹ má sì rò pé àwọn ọmọ Ìbàdàn sàn ju ti Birmingham lọ. Erin, kìnnìún, ọ̀bọ, ìmọ̀ tiwọn kò kọjá ibẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ó kún ara ògiri kíláàsì wọn.

A rí àgbọ̀nrín kan tí wọ́n ń pè ní Père David, orúkọ àlùfáà ará Faransé kan tí ó ròyìn rẹ̀ fún àwọn ará Yúróòpù láti ilẹ̀ Ṣáínà. Bí òyìnbó bá rí ẹran, ó lè fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́. Ní tiwa, ènìyàn ni ó ń gba orúkọ lọ́wọ́ ẹran. Àwọn tí wọ́n bá ti ka The History of the Yorubas tí Samuel Johnson kọ, tí ó jáde ní 1921, yóò rántí àwọn orílẹ̀ tí ó tò síbẹ̀: Erin, Ọ̀kín, Àgbò àti àwọn mìíràn. Orílẹ̀ Erin ni ti ìdílé bàbá wa. Nítorí náà, bí ìyá wa bá ti gbé fóònù láti kí ọmọ àbúrò mi, "Àbẹ̀kẹ́ Erin" ni yóò kọ́kọ́ pè é.

Ẹ wá wo ohun tí ọmọ náà ti ń rò. Orúkọ ọmọbìnrin ni Erin lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan wà ní kíláàsì rẹ̀ tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí ó ti gbọ́njú, ó rò pé ìyá àgbà ń fi ọmọ ẹlòmíràn pe òun ni, kò kàn fẹ́ já a kulẹ̀. Ìgbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn erin, tí ìyá wa nawọ́ sí wọn tí ó ní "Erin rèé o," ni ó bojú wò mí. "Dádì Ìbàdàn, ṣé Erin tí Grandma ń pè mí nìyẹn?" Mo ní òun ni. Ó dákẹ́, ó ń wo ìkan nínú wọn tí ó ń fi ọwọ́ ìjà rẹ̀ fa koríko gbígbẹ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó tóbi o."

Ẹni ọdún 74 ni ìyá wa lọ́jọ́ náà, kò sì rí erin rí. Ìgbòho ni wọ́n bí i sí, ọdẹ ni bàbá rẹ̀. Ìrù erin kan tí ó gbẹ ni ó máa ń wà lára ògiri yàrá bàbá náà, ìyẹn nìkan ni ó sì fojú rí lára erin fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó ti pa á lówe fún wa láìmọye ìgbà pé àjànàkú kọjá mo-rí-nǹkan-fìrí, bí a bá rí erin kí a gbà pé a rí erin. Èmi náà ti fi "fìrí" inú òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìlò ọ̀rọ̀ aláfarawé.

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Kì í ṣe ohùn rẹ̀ ojoojúmọ́. Ohùn náà gùn, ó ń fà sókè sí imú. Ohùn àwọn ọdẹ ni, bàbá rẹ̀ ni ó ń sín jẹ. N kò ní kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà síhìn-ín, nítorí ó ní ti ilé bàbá òun ni, kì í ṣe ohun tí a ń tò sójú íntánẹ́ẹ̀tì. Àbúrò mi pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ìyàwó mi di àwọn ọmọ tí ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu. Bí ó ti dé nǹkan bí ìlà keje, ó dúró, ó padà sẹ́yìn, ó tún gbé e bọ̀ láti ìlà karùn-ún, ó sì tún dúró síbi kan náà.

"Ó kù," ni ó wí. "Bàbá mi mọ̀ ọ́n títí. Ibi tí èmi gbọ́ mọ nìyí."

Ọkọ̀ tí ó wà lẹ́yìn wa fọn fèrè, a sì ní láti lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí rò pé erin ti tán ní ilẹ̀ Yorùbá. Díẹ̀ ṣì kù nínú igbó ọba Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ọdún 2021, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, IUCN, ka erin Áfíríkà sí ẹ̀yà méjì fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀: erin igbó àti erin ọ̀dàn. Erin ọ̀dàn ni àwọn ti Bewdley. Erin igbó ni ti Omo, òun sì ni ó wà nínú ewu jùlọ. Mo ṣàlàyé èyí fún ìyá wa lórí fóònù nígbà tí ìròyìn náà jáde. Ó ní bí ó bá ti ní ọwọ́ ìjà àti eyín, oríkì kan náà ni yóò jẹ́.

Nígbà Kérésìmesì ọdún 2019 yẹn, ó ti lọ sí Ìgbòho. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó ṣì ń ṣọdẹ; ìyẹn sì rántí ìlà mẹ́rin sí i. Aago márùn-ún ìdájí ni ìyá wa pè mí, kò dúró kí n kí òun, ó ní kí n mú bírò kí òun tó gbàgbé. Mo kọ ọ́, mo sì fi ránṣẹ́ sí Birmingham lọ́jọ́ náà. Àbẹ̀kẹ́ Erin ti mọ gbogbo rẹ̀ báyìí, títí dé ìlà kọkànlá. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ìlà kẹta ni kò tíì bọ́ sípò lẹ́nu rẹ̀.