Èéfín Ni Kí O Máa Wò

Kí n tó kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ìrìn gáàsì nínú igi tó ń jóná, ọ̀gá mi ní Ìkòròdú ní kí n kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ń sun èédú lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Wọ́n to igi jọ, wọ́n fi koríko tútù bò ó, wọ́n wa erùpẹ̀ lé e, wọ́n sì dá ihò sí ìdí rẹ̀. Bàbá tó ń ṣọ́ ọ kì í wo iná rárá.

“Ọmọ mi, èéfín ni kí o máa wò. Tó bá funfun báyìí, omi ló ń jáde. Tó bá ti ń ṣe bí aró, tó fẹ́lẹ́, tètè dí ihò yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eérú lo máa kó.”

Ohun tí Bàbá ń fojú kà ni àwa ń fi ìṣirò wá. Ihò tín-ín-rín ló kún inú igi, gáàsì sì ń gba gígùn rẹ̀ kọjá ju ìbú lọ fíìfíì. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà kan náà sí ọ̀nà méjèèjì, irọ́ ni kọ̀ǹpútà máa pa fún un. Òfin tí Henry Darcy, ẹnjiníà ará Faransé, gbé jáde ní 1856 nípa omi tó ń gba inú iyanrìn kọjá la fi ń ṣírò ìrìn náà.

Ibi tó le ni pé iná ń tún ọ̀nà ṣe bó ṣe ń lọ. Tí igi bá gbóná tó nǹkan bíi 280°C, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mú ooru wá. Kábọ̀n mónóksáìdì, mẹ́tén àti oru ọ̀dà á máa tú jáde, ihò á máa gbòòrò, gáàsì á sì tún máa yára sí i. OpenFOAM, ètò ọ̀fẹ́ tó jáde ní 2004, la fi ṣe ìṣirò náà. A gé igi sí yàrá wẹ́wẹ́, a ń ka ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, gáàsì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìṣirò tirẹ̀. Ètò náà ń kọ èsì pamọ́ lóòrèkóòrè, nítorí náà bí iná mànàmáná bá lọ, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó kọ pamọ́ kẹ́yìn.

Ọ̀gá mi kì í gba àwòrán aláràbarà gbọ́. Ó ní kí n ro ìwọ̀n èédú tó kù pọ̀ mọ́ ti gbogbo ohun tó jáde. Tí kò bá dọ́gba pẹ̀lú igi àti afẹ́fẹ́ tó wọlé, ká pa á rẹ́. Òótọ́ ló sọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ ọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igi kan nínú agolo tí ìdérí rẹ̀ ní ihò, kí ẹ wọ̀n ọ́n ṣáájú iná àti lẹ́yìn iná. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é o: kábọ̀n mónóksáìdì kò ní òórùn, ó sì ń pani.